Ìdajì Àwo Tí Ẹ Kò Rí

Ìyá mi ọ̀wọ́n, ẹni tó bí mi sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin Ìfọ̀,

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà máa wá ẹ̀fẹ̀ kiri inú lẹ́tà yìí bí ẹni ń wá ẹran nínú ọbẹ̀ ahun. Ọmọ yín tẹ́ ẹ mọ̀ sí oníyẹ̀yẹ́, tó jẹ́ pé níwájú òkú pàápàá yóò wá ọ̀rọ̀ kan sọ tí àwọn tó ń sunkún yóò fi máa fi ìborùn bo ẹnu rẹ́rìn-ín, òun náà ni inú ń bí báyìí. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tẹ́ ẹ ti lọ, n kò sì kọ ìwé kankan sí yín rí. Ìwé mẹ́fà lẹ fẹ́ kí n kà. Mẹ́rin ni mo kà nílé ìwé, orí igi máńgòrò ni mo ti ka méjì yòókù. Torí náà, níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ́, ẹ bá mi fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó gún.

Mówè ni mò ń gbé báyìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà ayé yín, ẹni tó bá ní òun ń lọ sí Mówè, ẹ óò bi í pé iṣu ta ló fẹ́ lọ wà. Ó ti di ìlú. Àwọn ará Èkó ti kún ibẹ̀ dẹ́nu. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n ti tò sí etí títì márosẹ̀ bí ìjàlọ, wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí oòrùn bá wọ̀, wọ́n á tún wọ́ padà wá sùn. Àwọn ọmọ mi kọ́ ilé síbẹ̀, wọ́n ní kí n wá jókòó, pé ó tó gẹ́ẹ́. Mo jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo gbé máṣíìnì ìránṣọ mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń bá àwọn tó kúrú ju bí wọ́n ṣe rò lọ gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ, inú kọ̀ǹpútà ni mo ti bá a pàdé. Ẹ̀rọ kan ni, ó dà bíi tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ èèyàn lè bi í ní ìbéèrè, kó sì wá ìdáhùn wá láti òkè òkun. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Bọ́sẹ̀ to mẹ́fà irú ẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù kan létí ọ̀nà níbí. Ibẹ̀ ni mo ti ń gba lẹ́tà tí ọmọ mi tó wà nílùú òyìnbó ń kọ. Ìyàwó mi ni mò ń pe Bọ́sẹ̀. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ sójà, torí náà n kì í pè é sókè.

Lọ́jọ́ kan mo débẹ̀, mo bá a tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ kan tẹ ìwé tó fẹ́ fi gboyè. Mo na ọrùn wo bébà tó wà lórí tábìlì. Mo rí àwòrán aago kan tí ẹnì kan fi pẹ́ńsù yà. Òbìrìkìtì aago náà pé, ṣùgbọ́n gbogbo nọ́ńbà rẹ̀, láti orí oókan dé orí èjìlá, apá ọ̀tún ló kó wọn jọ sí, wọ́n ń gun ara wọn lórí bí àgùntàn lẹ́nu ọ̀nà agbo. Apá òsì ṣófo, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo ní, "Ìyàwó mi, ọ̀mùtí wo ló ya èyí?"

Ó ní, "Bàbá Télọ̀, ẹ fi mí sílẹ̀ kí n ṣiṣẹ́ o. Aláìsàn ló yà á. Ọpọlọ ẹ̀ ló bà jẹ́ lápá kan. Wọ́n ní ojú ẹ̀ ríran, kò fọ́, àmọ́ kò mọ̀ pé apá òsì wà láyé yìí mọ́. Bó bá ń jẹun pàápàá, ìdajì àwo ló máa jẹ."

Ìyá mi, mo wá ibi jókòó.

Ṣé ẹ rántí? Níbo lẹ ti máa rántí ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀! Ẹ ṣubú lẹ́bàá kànga lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹnu yín wọ́ díẹ̀, ọwọ́ òsì yín kọ̀ kò gbé nǹkan fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n fi òrí pa á, ẹnu padà sípò, ẹsẹ̀ ń rìn, gbogbo wa dúpẹ́, a ní ó ti tán. Lẹ́yìn náà lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìdajì oúnjẹ. Ẹ óò jẹ ẹ̀bà apá ọ̀tún mọ́ tónítóní, ẹ óò fi ìka nu ojú àwo ibẹ̀. Apá òsì yóò dúró gbọn-in bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ, ẹran yóò wà lórí rẹ̀, ọwọ́ yín kò ní kàn án. Ẹ óò wá gbójú sókè, ẹ óò bi ẹni tó gbé oúnjẹ wá pé, "Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyí?"

Kí là bá rò? Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. A ní ìyá wa ń ṣẹ́kù fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni. Àwọn ọmọ náà sì mọ̀ ọ́n; kẹ́ ẹ tó fọwọ́, wọ́n ti jókòó yí ẹsẹ̀ yín ká, wọ́n ń wo apá òsì àwo bí ológbò ń wo ẹja. Ìbéèrè tẹ́ ẹ ń bèèrè yẹn, a pè é ní àwàdà àgbà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan lẹ ń fi lẹ́búlẹ́bú sí. Irun apá kan lẹ ń yà, ìkejì a wà bí ìtẹ́ ẹyẹ. Èjìká òsì yín ń gbá ara ilẹ̀kùn lójoojúmọ́ ayé.

Mo ń wò ó, mo ń rẹ́rìn-ín. Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n máa rìn lápá ọ̀tún. Mo ní ìyá wa nìkan ni ọmọ Nàìjíríà tó gbọ́ràn sí ìjọba lẹ́nu. Bẹ́ ẹ bá ti ń kọjá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, n óò fi ẹnu fun fèrè, n óò ké pé, "Kíìpù ráìtì, Ìyá!" Gbogbo agboolé a bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà a rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ kan jáde nínú ilé. Wọ́n ní kì í ṣe àwọn ọmọ lẹ ń ṣẹ́kù fún. Ẹgbẹ́ yín ni. Ẹ mọ irú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń wí, àwọn tí kì í fẹsẹ̀ rìn wá sípàdé. Wọ́n ní ọwọ́ òsì ni irú wọn fi ń gba nǹkan, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ apá òsì lẹ ń dá sí. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń jẹ àjẹkù yín ní ibà. Ibà lásán ni, ọjọ́ kẹta ó ti ń gun òrùlé ilé àdìyẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà pé ọwọ́ yín ló ti wá.

Àbúrò bàbá wa obìnrin ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbàdo nítorí ibẹ̀ ló ti lọ́kọ. Ó wọ rélùwéè wá láti ọ̀hún. Ó kó àwọn ọmọ kúrò lẹ́sẹ̀ yín. Ó kó yín sí yàrá ẹ̀yìn. Ó ní kí wọ́n dín oúnjẹ yín kù sí ìdajì, ṣebí ìdajì lẹ kúkú ń jẹ, kí àwọn ẹgbẹ́ má baà rí tiwọn. Télọ̀ ni mí, mo mọ bí aṣọ ṣe ń rí bí a bá ṣẹ́ ẹ po ní méjì, tí a tún ṣẹ́ ẹ po. Wọ́n gbé ìdajì wá, ẹ jẹ ìdajì ìdajì. Ẹ ní, ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyí? Wọ́n rí i pé ó tún ṣẹ́kù, wọ́n tún dín in.

Lọ́jọ́ kan mo yọjú sí yàrá yẹn. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún di ọwọ́ òsì yín mú ní ọrùn ọwọ́, ẹ ní kí n jọ̀ọ́ bá yín gbé ọwọ́ yìí kúrò lórí ẹní, pé ìyá ọkọ yín tó ti kú ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Èmi tí kò sí ohun tí n kì í fi ṣe ẹ̀fẹ̀, mo sá jáde. Báyìí mo ti kà á pé ọ̀pọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní ọwọ́ ọkọ àwọn ni, wọ́n á ní ọwọ́ dókítà ni. Bí mo bá mọ̀ nígbà náà, n bá jókòó tì yín, n bá fún yín ní ọwọ́ tèmi dì mú. Ṣé ẹ rò pé n kò fẹ́ràn yín ni mo fi sá? Àbí ẹ kò tilẹ̀ rí mi, nítorí apá òsì ni ilẹ̀kùn wà?

Kò pé ọdún. Nígbà tẹ́ ẹ máa lọ, ẹ fúyẹ́ débi pé èmi nìkan gbé yín. Wọn kò sin yín sínú ilé bí a ṣe ń sin ìyá ẹni. Wọ́n ní òdìkejì ojú irin ni kí a sin yín sí. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ìyàwó Sùlé, àbúrò mi, bí ọmọbìnrin, àkọ́kọ́ ọmọbìnrin tí a bí nínú ilé wa lẹ́yìn yín. Gbogbo ayé ló mọ orúkọ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́. Ẹnu kò gbà á. Wọ́n pè é ní Rísíkátù, ó tán síbẹ̀. Títí di òní, kò sí Yétúndé kan nínú ilé wa.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Bọ́sẹ̀. Láti ọjọ́ aago yẹn, n kò jẹ́ kó sinmi. Ó ti wọ ọdún kejì. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, n óò gba tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, n óò jókòó tì í, òun yóò máa ka òyìnbó tó ta kókó sí mi létí, èmi yóò máa kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n ara àwọn oníbàárà tẹ́lẹ̀. Ìbàdí ìyá àlájà kan wà lójú ewé kan, ọpọlọ èèyàn wà lójú kejì. Bí iná bá lọ, a óò dúró de jẹnẹrétọ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀, a óò dúró de Ọlọ́run. Ibì kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sí ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, nípa gbogbo ohun tí àwọn onímọ̀ ń rí nínú ọpọlọ. Wọ́n bi wá pé irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. A wo gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n tò sílẹ̀, kò sí télọ̀ níbẹ̀. Mo ní kí Bọ́sẹ̀ mú dókítà.

Ó ní, "Bàbá, irọ́ nìyẹn o."

Mo ní, "Kí ni dókítà ń ṣe tí n kì í ṣe? Mò ń wọn èèyàn, mò ń gé, mò ń gán, mo sì ní abẹ́rẹ́ jù wọ́n lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wọ́n ń kí ọmọ yín ní Dókítà láti òkè òkun, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó dákun wá sí ìpàdé àwọn. Bọ́sẹ̀ náà ti ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn kì í bá mi délé. Ohun tó ń dùn mí wọra ni pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́tipẹ́. Kí ẹ tó ṣubú, wọ́n ti mọ̀. Kí ẹ tó bí mi pàápàá, àwọn dókítà kan ti jókòó ti irú yín, wọ́n ti wo irú àwo yín, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n sì ti sọ ọ́ lórúkọ. Ta ni wọ́n kọ ọ́ fún? Kí ló dé tí kò dé Ìfọ̀? Rélùwéè dé Ìfọ̀. Sádìnnì dé. Òfin pé kí ọkọ̀ máa rìn lápá ọ̀tún, ọjọ́ kan ṣoṣo ló dé. Ìwé kan tí ì bá sọ pé ìyá yìí kì í ṣe àjẹ́, òun nìkan ni ọ̀nà kò já fún!

Nígbà tó tún ku díẹ̀ kí inú mi bẹ́, a dé ibi tí wọ́n ti sọ ohun tí a lè ṣe. Mo ti mú bírò dání, mo rò pé oògùn ni wọn yóò dárúkọ, oògùn kan tí apá wa kò lè ká láyé ìgbà yẹn, kí ọkàn mi lè fi ìyẹn sinmi. Bọ́sẹ̀ kà á. Ó ní kò tíì sí oògùn tó mú un lọ pátápátá. Ó ní kí èèyàn máa jókòó sápá òsì aláìsàn, kí ó máa pè é wá síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ilà pupa sí etí òsì nǹkan, kí ojú rẹ̀ lè máa wá a lọ. Ó ní tó bá ń jẹun, tó bá ti jẹ apá kan tán, kí wọ́n yí àwo náà.

Mo ní, "Kí wọ́n yí i sí ibo?"

"Kí wọ́n kàn yí i, Bàbá. Kí apá òsì bọ́ sí ọ̀tún."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Mo lu tábìlì. Bọ́sẹ̀ pariwo pé, "Ẹ rọra o, Dókítà, kíbọ́ọ̀dù mi!" Mo jáde, mo dúró létí títì, ọkọ̀ ń kọjá. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè yí àwo. Gbogbo wa la ní ọwọ́.

Ní oṣù tó kọjá, Sùlé ṣubú. Àbíkẹ́yìn yín, tó wà nínú ilé Ìfọ̀ títí di òní. Rópárosẹ̀ ni. Ó lo ọ̀sẹ̀ méjì ní ọsibítù, wọ́n ní kó máa lọ sílé, nítorí ó ti ń rìn. Rísíkátù, ọmọ rẹ̀ tí mo ń wí lẹ́ẹ̀kan, ló ń tọ́jú rẹ̀. Obìnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún ni báyìí. Ó pè mí lórí fóònù.

"Bàbá Mówè, ara Bàbá mi ti ń yá o. Oúnjẹ ni kò yé mi. Wọ́n máa ń jẹ ẹ́ kù."

Mo ní, "Apá wo ni wọ́n ń jẹ kù?"

"Ẹ̀n?"

"Rísí, mo ní apá wo!"

Ó lọ wo àwo náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Apá òsì, sà. Ta ló sọ fún yín?"

Ó wá sọ ìyókù fún mi. Ìyá Àgbàdo ti gbọ́, ó ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣì wà láyé, ó ti ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kò nílò ọ̀pá. Ó ní ohun tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ló bá ọmọ yín. Wọ́n ti wá ilé àdúrà kan nítòsí Ìbàfò. Ní Sátidé ọkọ̀ yóò wá gbé Sùlé lọ síbẹ̀ láti gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ẹ gbọ́ mi, Ìyá. Ẹni tó ń jẹ ìdajì oúnjẹ, wọ́n fẹ́ kó lọ gbààwẹ̀.

Mo jókòó ti máṣíìnì. Mo gé aṣọ funfun kan tó tó tẹ́ sábẹ́ àwo, mo rán ọ̀já pupa fífẹ̀ mọ́ etí rẹ̀ lápá òsì. Abẹ́rẹ́ gún mi lẹ́ẹ̀mejì, èmi tí ń rán aṣọ láti ìgbà èwe. Láàárọ̀ Sátidé mo mú ìwé mi àti aṣọ náà, mo kọjá Ìbàfò, mo gba Àjùwọ̀n já sí Àgbàdo, gbogbo ojú ọ̀nà ni mò ń jà nínú ọkàn mi. Nígbà tí mo dé Ìfọ̀, ọkọ̀ ilé àdúrà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹnjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Sùlé jókòó lórí àga, ó ń jẹ ìrẹsì Ọ̀fadà. Ìyá Àgbàdo jókòó ní ọ̀kánkán rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, orúnkún mi dún kọ́ọ́.

Ó ní, "Oníyẹ̀yẹ́, o ti dé? Wá wo ogún tí ìyá rẹ pín fún àbúrò rẹ."

N kò tíì dìde tán nígbà tí Sùlé jẹ apá ọ̀tún àwo tán. Ó fi ṣíbí há a. Ó gbójú sókè wo Rísí, ó ní, "Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyí?"

Ohùn yín ni, Ìyá. Ohùn yín gan-an ni.

Mo ṣí ìwé, mo ń kà á tariwotariwo, ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀, apá ọ̀tún, apá òsì. Ìyá Àgbàdo rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wá wo dókítà tó ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò!" Mo ní, "Ìyá Àgbàdo, ẹ̀yin lẹ pa á. Ẹ ṣẹ́ oúnjẹ po mọ́ ìyá mi lọ́wọ́ títí tó fi tán!" Mo sọ ọ́ sí àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, níṣojú àwọn ará ilé àdúrà.

Ó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. Ó ní, "Èmi? Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Ṣebí ìwọ lo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, tó o di ìdí mú, tó o ní, 'Ẹ fi ti ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ o, Ìyá, wọ́n ń bọ̀ lálẹ́!' Mo wà níbẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àfìgbà tí mo padà dé Àgbàdo tí mo rò ó wò, tí ẹ̀rín kúrò nínú ẹ̀. Ìwọ lo fi lé mi lọ́wọ́, oníyẹ̀yẹ́. Ọmọ tí ìyá bí ló sọ ọ́, kí ló dé tí n kò ní gbà á gbọ́?"

Òótọ́ ni. Ohun tí mo ń sá fún láti òkè lẹ́tà yìí nìyẹn. Mo kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ kan jáde nínú ilé, bí ẹni pé ilé ní ẹnu. Ẹnu mi ló ti jáde. Mo ti fi fèrè pa wọ́n lẹ́rìn-ín títí fèrè sú wọn, mo wá ẹ̀fẹ̀ tuntun. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún gbá mi lórí, ẹ ní ẹnu mi yóò pa mí lọ́jọ́ kan. Kò pa mí. Ẹ mọ ẹni tó pa. Nígbà tí wọ́n wá ń kó yín lọ sí yàrá ẹ̀yìn, kí ló dé tí n kò sọ pé ẹ̀fẹ̀ ni? Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, wọn yóò bi mí pé kí wá ni ìdí ìdajì, n kò sì mọ̀ ọ́n. Ojú tì mí. Ojú ló tì mí, Ìyá, kò sí nǹkan mìíràn.

Mo kúnlẹ̀ sápá òsì Sùlé. Mo tẹ́ aṣọ náà sábẹ́ àwo, ọ̀já pupa wà lápá ọ̀dọ̀ mi. Mo wá fi ìka méjì ti etí àwo, díẹ̀díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń yí ọwọ́ máṣíìnì tí kò fẹ́ kí òwú já, títí ìrẹsì tó wà lápá òsì fi bọ́ sí ọ̀tún.

Sùlé wò ó. Ó ní, "Ẹ̀hẹ́n! Ẹ ò rí i? Ẹ ń fi ẹran pamọ́ fún mi nínú ilé ara mi!" Ó ki ṣíbí bọ̀ ọ́. Ó jẹ ẹ́ mọ́. Ó ń bú wa, ó ń jẹ.

Rísí fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Àgbàdo na ọrùn títí, ó ń wo àwo tó ti mọ́. Ohùn rẹ̀ yí padà, ó di ohùn ìyá arúgbó kan lásán.

Ó ní, "Àbí ebi ló ń pa á nígbà yẹn?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń pọ́n ahọ́n de obìnrin yìí. Mo kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọkọ̀ náà padà lófo. Sùlé yóò padà lọ rí dókítà tòótọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Rísí ló ń yí àwo báyìí, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Mo sọ orúkọ tó yẹ kó máa jẹ́ fún un. Ó kàn ń fọ abọ́ lọ. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, mo pè é wò, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Yétúndé." Ó ní, "Sà?" kó tó mọ̀ pé òun dáhùn.

Inú ṣì ń bí mi. Ó ń bí mi sí Ìyá Àgbàdo, ó ń bí mi sí gbogbo àwọn tó kọ ìwé tí kò dé ọ̀dọ̀ wa, ó ń bí mi sí ẹnu tó wà lójú mi yìí. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí. Ẹni tó bẹ̀bẹ̀ tó bá yá yóò sinmi, n kò sì fẹ́ sinmi. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí ẹ bi wá lójoojúmọ́ ni mo jókòó láti dáhùn, nítorí kò sẹ́ni tó dá yín lóhùn rí. Ẹ ní, ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyí?

Rárá o, Ìyá mi. Ó kù. Ó wà níbẹ̀, lápá òsì yín, ẹran wà lórí rẹ̀.

Èmi ni, oníyẹ̀yẹ́ ọmọ yín, tó mọ bí wọ́n ṣe ń yí àwo nígbà tí oúnjẹ ti tutù.